ÈDÈ MẸ́TA, ẸLẸ́RÌÍ MẸ́TA: ÀYẸ̀WÒ IṢẸ́ Ọ̀JỌ̀GBỌ́N A. I. AṢÍWÁJÚ LÓRÍ ÌTÀN ÌWỌ̀-OÒRÙN ILẸ̀ YORÙBÁ

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Bí òwe yìí ti kan adájọ́ ni ó kan òpìtàn. Òpìtàn tí ó bá gbọ́ tẹnu ẹnì kan ṣoṣo, ìbáà ṣe tẹnu ọba, ìbáà ṣe tẹnu ajẹ́lẹ̀, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí òtítọ́ pọ́ńbélé, kò sàn ju onídàájọ́ tí ó lé olùjẹ́jọ́ jáde kí ó tó la ẹnu. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà níbẹ̀ tí a kì í sábà mẹ́nu bà: àwọn ẹlẹ́rìí ìtàn kì í sọ èdè kan náà. Ajẹ́lẹ̀ Faransé kọ ìwé rẹ̀ ní èdè Faransé. Ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ tirẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ìlú tí àwọn méjèèjì ń ṣe àkóso lé lórí sì ń fi èdè Yorùbá dá orin tirẹ̀. Òpìtàn tí kò bá gbọ́ ju ẹyọ kan lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di agbẹ́jọ́-ẹnì-kan-dá, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣe lámèyítọ́ iṣẹ́ òpìtàn kan tí ó gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyíinì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Aṣíwájú ti Yunifásítì Èkó. A ó wo ìrìn-àjò rẹ̀ nínú ìmọ̀, ohun tí èdè mẹ́ta ṣe nínú iṣẹ́ rẹ̀, àti ibi tí iṣẹ́ náà kù sí. Kókó tí a ó máa tẹnu mọ́ ni pé gbígbọ́ èdè púpọ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lára òpìtàn. Irinṣẹ́ ni, òun ni òpìtàn fi ń mú kí ẹlẹ́rìí kan yẹ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kejì wò. Ṣùgbọ́n a ó tún sọ pé ìdájọ́ tí a kọ ní èdè tí ẹlẹ́rìí fúnra rẹ̀ kò lè kà ṣì kù díẹ̀ káàtó.

Àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ agbègbè Kòsọ́fẹ́ ní Èkó wà lọ́kàn wa bí a ti ń kọ ọ́. Yunifásítì Èkó tí ó wà ní Àkọkà kò jìnnà sí wọn. Yàtọ̀ sí èyí, orúkọ àdúgbò wọn pàápàá ń bèèrè òpìtàn. Ní agbègbè kan náà ni a ti rí Kétu, Ìkòsí àti Mile 12. Orúkọ tí ó kẹ́yìn yìí jẹ́ ti òyìnbó, òṣùwọ̀n ọ̀nà ni a fi sọ ọ́. Kétu jẹ́ orúkọ tí ìlú ọba àtijọ́ kan ń jẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin. Ìkòsí mìíràn sì tún wà ní ìhà Èjìnrìn, ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi irú ìbáramu orúkọ báyìí ṣe? A ó dá ìbéèrè náà dúró ná. Iṣẹ́ Aṣíwájú ni yóò kọ́ wa bí a ti í dáhùn rẹ̀.

Ìrìn-àjò òpìtàn náà

Ìmẹ̀kọ ni a bí Aṣíwájú sí ní ọdún 1939. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni ìlú yìí wà lónìí, ní tòsí ààlà Nàìjíríà àti Benin. Kí òyìnbó tó dé, ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí ó ń wárí fún Alákétu ni Ìmẹ̀kọ. Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹjọ, ọdún 1889, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan tí ó la ilẹ̀ náà sí méjì. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ẹni tí ó bi Alákétu léèrè. Kódà, ìlú Kétu ti di ahoro lákòókò náà, nítorí pé ogun Dahomey ti fọ́ ọ ní ọdún 1886. Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Dahomey láàárín ọdún 1892 sí 1894 ni àwọn ará Kétu tó rí ọ̀nà padà sí ilé bàbá wọn.

Láti irú ìlú báyìí ni òpìtàn wa ti jáde wá. Ní irú ibẹ̀, ẹbí kan náà a máa wà ní ìhà méjèèjì, ọmọ ẹ̀gbọ́n a máa kọ́ Faransé, ọmọ àbúrò a sì máa kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé ọ̀rọ̀ yìí ni Aṣíwájú mú lò fún àpilẹ̀kọ tí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1971. Àpilẹ̀kọ ọ̀hún ni ó di ìwé ní ọdún 1976: Western Yorubaland under European Rule, 1889–1945. Ilé iṣẹ́ Longman ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ọ̀wọ́ ìwé ìtàn ti Ìbàdàn.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ilé tí òpìtàn yìí ti wá nínú ìmọ̀. Àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ ní Ìbàdàn, bíi Ọ̀jọ̀gbọ́n K. O. Dike àti Ọ̀jọ̀gbọ́n S. O. Bíòbákú, ti jà fún un pé ìtàn àtẹnudẹ́nu jẹ́ ẹ̀rí tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbọ́dọ̀ gbà. Ọ̀jọ̀gbọ́n I. A. Akínjógbìn pẹ̀lú ti kọ ìwé lórí Dahomey àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní ọdún 1967. Nítorí náà, kì í ṣe Aṣíwájú ni ó kọ́kọ́ la ọ̀nà. Ohun tí ó fi kún un ni pé ó mú ẹ̀yà kan ṣoṣo tí ìjọba òyìnbó méjì pín mọ́ra wọn lọ́wọ́, ó sì fi ìhà kan wé èkejì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Lẹ́yìn ìwé yìí, iṣẹ́ rẹ̀ gbòòrò. Ní ọdún 1984, ó sọ àsọyé ìgbàwọlé-oyè ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Èkó lórí ààlà àtọwọ́dá. Ní ọdún 1985, ìwé Partitioned Africans, tí òun ṣe olóòtú rẹ̀, jáde sí gbangba láti fi hàn pé ohun tí ó ṣe Kétu ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn ní Afíríkà. Nígbà tí UNESCO ń tẹ ìwé ńlá lórí ìtàn Afíríkà, òun ni ó kọ orí tí ó jẹ mọ́ Dahomey, ilẹ̀ Yorùbá, Borgu àti Benin ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó wà nínú ìdìpọ̀ kẹfà, èyí tí ó jáde ní ọdún 1989.

Èdè gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èdè ń ṣe gan-an nínú irú iṣẹ́ yìí. Lábẹ́ Faransé, òfin kan wà tí à ń pè ní indigénat. Òfin yìí fún ajẹ́lẹ̀ ní agbára láti ju ọmọ ìlú sí ẹ̀wọ̀n tàbí kí ó bu owó ìtanràn lé e láìgbé e lọ sí kóòtù. Òfin náà kò dópin títí di ọdún 1946. Òpìtàn tí ó bá ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò ní bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé, nítorí pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ. Ìwé ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè sọ pé àwọn àlejò ń wọlé. Ìwé ajẹ́lẹ̀ Faransé lè sọ pé àwọn tí ń san owó-orí ń dín kù. Ẹni tí ó bá ka méjèèjì ni yóò mọ̀ pé àwọn kan náà ni. Ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi ṣí kò sí nínú ìwé méjèèjì lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́; ẹnu àwọn tí ó ṣí gan-an ni ó wà, ní èdè Yorùbá.

Láti inú irú àfiwé báyìí ni Aṣíwájú ti fa ọ̀kan nínú àwọn èrò rẹ̀ tí ó lágbára jù lọ yọ: pé ṣíṣí kúrò nílùú lè jẹ́ ọ̀tẹ̀. Ní ọdún 1976, ó kọ àpilẹ̀kọ kan tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní "Migrations as Revolt". Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá ni ó kọ ọ́ lé lórí bí kò ṣe Ivory Coast àti Upper Volta, tí ó di Burkina Faso ní ọdún 1984. Èrò ibẹ̀ ni pé ẹni tí kò ní ìbọn tí yóò fi dojú kọ ìjọba, tí ó sì gbẹ́rù rẹ̀ lóru tí ó kọjá sí ilẹ̀ mìíràn nítorí iṣẹ́ àfipáṣe àti ìwọṣẹ́-ogun àpàpàǹdodo, ọ̀tẹ̀ ni ó dì yẹn. A kò lè dé ibi tí èrò yìí dé láìgbọ́ Faransé. Bẹ́ẹ̀ ni a kì bá tí ronú kàn án bí a kò bá ti mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ààlà Kétu.

Aṣíwájú nìkan kọ́ ni ó rìn ní ọ̀nà yìí. Pierre Verger, ọmọ Faransé tí ó gbé ní Bahia, gbọ́ Faransé, Potogí àti Yorùbá. Àwọn èdè wọ̀nyí ni ó fi tọpa òwò ẹrú láàárín etíkun wa àti Bahia nínú ìwé ńlá rẹ̀ ti ọdún 1968. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì ni pé Verger kọ́ Yorùbá kí ó tó lè wọlé sínú ìtàn. Ní ti Aṣíwájú, inú ìtàn náà ni a bí i sí, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́ kí ó tó lè jáde síta wò ó. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ọjà kan náà ni wọ́n jọ ná.

Alákétu àti Onímẹ̀kọ

Àpẹẹrẹ tí ó dára jù fún akẹ́kọ̀ọ́ ni àpilẹ̀kọ tí Aṣíwájú kọ lórí Alákétu àti Onímẹ̀kọ, èyí tí ó jáde ní ọdún 1970 nínú ìwé tí Michael Crowder àti Obaro Ikime ṣe olóòtú rẹ̀ lórí àwọn ọba Ìwọ̀-Oòrùn Afíríkà. Ọba méjì ni ó mú. Kí òyìnbó tó dé, ọ̀kan jẹ́ olórí, èkejì jẹ́ ọmọ abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tí ààlà pín wọn, ìjọba Faransé sọ Alákétu di olóyè kékeré tí ajẹ́lẹ̀ ń rán níṣẹ́. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní tirẹ̀, fẹ́ ti ẹ̀yìn ọba ṣe àkóso. Èyí gbé Onímẹ̀kọ ga ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ẹni pé ọmọ wá ga ju bàbá lọ, tí kì í sì í ṣe nípa ogun tàbí ọrọ̀ bí kò ṣe nípa ìlà tí òyìnbó fà sórí ìwé.

Ìmọ̀ tí ó wà nínú àfiwé yìí ga. Ẹ̀yà kan náà ni, èdè kan náà, òrìṣà kan náà, ìṣèlú kan náà. Bí àyípadà bá dé sí ìhà kan tí kò dé sí ìhà kejì, a lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ìjọba òyìnbó ni ó fà á. Ṣùgbọ́n lámèyítọ́ gbọ́dọ̀ bèèrè ìbéèrè méjì. Èkínní, ogun Dahomey ti ba Kétu jẹ́ kí Faransé tó débẹ̀. Èló nínú ìrẹ̀sílẹ̀ Alákétu ni ti ogun, èló sì ni ti Faransé? Èkejì, a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí àfiwé yìí tàn wá láti rò pé ìhà Gẹ̀ẹ́sì tòrò minimini. Ọdún 1916 ni àwọn ará Òkèihò àti Ìṣẹ́yìn ṣọ̀tẹ̀ sí ètò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1918 ni ogun Adùbí ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá nítorí owó-orí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ́ sínú ìdánwò pé Faransé burú, Gẹ̀ẹ́sì sì dára, kò ì tí ì ka Aṣíwájú yé.

Orin ẹ̀fẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orísun ìtàn

Apá iṣẹ́ Aṣíwájú tí ó kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá jù lọ ni èyí. Nínú ìwé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ṣe olóòtú rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1975 lórí lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá, Aṣíwájú ní àpilẹ̀kọ kan níbẹ̀ tí ó fi hàn pé ewì ẹ̀fẹ̀ jẹ́ orísun ìtàn fún ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá.

Gbogbo olùkọ́ ni ó mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni apá òru nínú ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí wọ́n ń ṣe láti yẹ́ àwọn ìyá wa sí. Ẹlẹ́fẹ̀ a kọ́kọ́ júbà. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá máa sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nílùú láàárín ọdún. Yóò bú ọ̀dájú, yóò fi olè ṣẹ̀sín, yóò bá ọba wí, yóò yin ẹni tí ó ṣe rere. Àyè tí ọdún fún un kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè bá a jà. Àwọn tí ó pé jọ yóò máa gbè é, ọ̀rọ̀ náà yóò sì wọ̀ wọ́n lára. Kétu, Ọ̀họ̀rí, Ṣábẹ̀ẹ́ àti gbogbo ilẹ̀ Yewa ni wọ́n ti ń ṣe é. Ìlà ọdún 1889 kò dá ẹlẹ́fẹ̀ dúró. Nígbà tí UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá gbogbo ayé, orúkọ orílẹ̀-èdè mẹ́ta ni wọ́n fi kọ ọ́: Benin, Nàìjíríà àti Togo.

Kí ni òpìtàn lè rí nínú irú orin báyìí? Ìwé ìjọba ni yóò sọ iye owó-orí. Orin ni yóò sọ bí owó-orí náà ti dun ará ìlú tó. Ìwé ìjọba ni yóò sọ ọjọ́ tí wọ́n fi olóyè kan jẹ. Orin ni yóò sọ bóyá àwọn ará ìlú kà á sí olóyè rárá. Ojú tí ará ìlú fi wo ìjọba kò sí nínú ìwé ajẹ́lẹ̀, nítorí pé ajẹ́lẹ̀ kò bèèrè. Ibi tí Aṣíwájú ti ta yọ nìyí: ó mú ohun tí àwọn kan kà sí àwàdà òru, ó sì gbé e ka iwájú ìwé ìjọba méjì gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí kẹta tí ó tó ẹlẹ́rìí í pè.

Síbẹ̀, ẹni tí ó mọ lítíréṣọ̀ yóò kìlọ̀ fún òpìtàn lọ́nà mẹ́ta. Lákọ̀ọ́kọ́, àsọdùn jẹ́ iṣẹ́ ọnà ẹlẹ́fẹ̀. Bí ó bá sọ pé ìlú ti tú pátápátá, ó lè jẹ́ ilé mẹ́wàá ni ó tú. Lẹ́ẹ̀kejì, orin kì í dúró sójú kan. Ohun tí wọ́n kọ ní ọdún tí ìṣẹ̀lẹ̀ ṣẹlẹ̀ lè ti gba ẹnu mẹ́ta kọjá kí a tó gbà á sílẹ̀. Òpìtàn gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí a dá a àti ìgbà tí a gbà á. Lẹ́ẹ̀kẹta, orin ẹ̀fẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Ohùn wà níbẹ̀, ìlù wà níbẹ̀, ère wà lórí, àwítúnwí àwọn agberin wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá yọ ọ̀rọ̀ nìkan jáde kúrò nínú gbogbo ìwọ̀nyí dà bí ẹni tí ó mú ìrù ẹja wálé tí ó ní òun ti mọ odò. Àwọn ìkìlọ̀ wọ̀nyí kò ba ẹ̀rí ẹ̀fẹ̀ jẹ́. Wọ́n kàn fi hàn pé òpìtàn àti onímọ̀ lítíréṣọ̀ ní láti jọ jókòó ni. Gbogbo ẹlẹ́rìí ni ó ní àbùkù tirẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ tí ń kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ kì í sábà kọ ohun tí yóò mú kí wọ́n bá a wí.

Adé àti àrọ́bá

Àwọn Yorùbá ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni bàbá ìtàn. Aṣíwájú gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, ṣùgbọ́n kò gbà á gbọ́ ní gbígbọ́-àgbọ́ìyẹ̀wò. Nínú àpilẹ̀kọ tí ó kọ ní ọdún 1976 lórí adé àwọn ọba Yorùbá láàárín ọdún 1900 sí 1960, ó fi hàn pé ìtàn àtẹnudẹ́nu lè yí padà nígbà tí èrè bá wà nínú yíyí i. Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kan Èkó wa níhìn-ín. Ní ọdún 1903, Gómìnà MacGregor ní kí Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe wá sí Èkó kí ó wá jẹ́rìí bóyá Ẹlẹ́pẹ̀ẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti dé adé. Láti ìgbà tí ìjọba ti sọ ìtàn orírun di ẹ̀rí tí a fi ń gba adé, ipò àti owó oṣù, ọ̀pọ̀ ìlú ni ó wá ní ìdí láti sọ pé Ifẹ̀ ni àwọn ti wá tààrà.

A gbọ́dọ̀ yin òpìtàn fún irú ìgboyà yìí. Ọmọ Yorùbá ni, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ adé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń fi ṣeré láwùjọ wa. Ṣùgbọ́n bí ó ti fi ojú lámèyítọ́ wo ìwé òyìnbó ni ó fi wo ẹnu àwọn bàbá wa. Kò sí ẹlẹ́rìí tí a kì í bi ní ìbéèrè.

Láti yàrá ìkàwé dé ibodè

Iṣẹ́ Aṣíwájú kò tán sínú ìwé. Ní ọdún 1987 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tí ó dá Àjọ Ààlà Orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Aṣíwájú sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kọmíṣọ́nnà tí ó ń bójú tó ààlà Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ìmọ̀ràn tí ó ń gbà wọ́n wá láti inú ìtàn tí ó ti kọ: pé kí a má ka ààlà sí ògiri tí a ń ṣọ́ pẹ̀lú ìbọn nìkan, kí a kà á sí afárá tí ará ìhà méjèèjì lè fi jọ ṣe ìdàgbàsókè. Ìwé rẹ̀ ti ọdún 2003 lórí ààlà àti ìṣọ̀kan Afíríkà tún kó àwọn èrò wọ̀nyí jọ.

Ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ti ibodè ilẹ̀ pa nítorí fàyàwọ́, pàápàá ti ìrẹsì. Oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn padà. Lójú aṣọ́bodè, ọ̀rọ̀ fàyàwọ́ ni. Lójú ẹni tí ìyá rẹ̀ wà ní Kétu tí òun sì wà ní Ìmẹ̀kọ, ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Òpìtàn tí ó gbọ́ èdè aṣọ́bodè méjèèjì, tí ó sì tún gbọ́ ti ẹbí, ni ó lè sọ fún ìjọba pé ojú méjì ni ọ̀rọ̀ náà ní. Ẹni tí ó bá ní ìtàn kò wúlò fún iṣẹ́ ìjọba kò ì tí ì rò ó dáadáa.

Ibi tí iṣẹ́ kù sí

A ti yìn ín dé ìwọ̀n. Ó yẹ kí a sọ ibi tí ó kù sí. Àwọn ìwé ńlá tí a dárúkọ wọ̀nyí, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ wọ́n. Ẹlẹ́fẹ̀ jẹ́rìí ní Yorùbá, ìdájọ́ jáde ní Gẹ̀ẹ́sì. Ará Kétu tí ó kàwé, Faransé ni ó kà; kò lè ka ìtàn ìlú rẹ̀ nínú ìwé náà. Bàbá àgbà tí ó kà Yorùbá nìkan ní Ìmẹ̀kọ kò lè kà á pẹ̀lú.

A mọ̀ pé ẹ̀bi yìí kì í ṣe ti Aṣíwájú nìkan. Yunifásítì ni ó sọ Gẹ̀ẹ́sì di ẹnu-ọ̀nà oyè. Kí yunifásítì tó dé, àwọn òpìtàn wa ń fi Yorùbá kọ̀wé: I. B. Akínyẹlé tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde ní ọdún 1911, J. B. Losi náà sì kọ ìtàn Èkó ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò ní ìwé ìjọba Faransé lọ́wọ́, wọn kò sì mọ ọ̀nà àfiwé bí àwọn ti Ìbàdàn ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń kọ ìtàn wọn lè kà á. Bí ọ̀nà ìwádìí ti ń lọ síwájú ni èdè ìwádìí ń jìnnà sí ilé.

Ìṣòro náà tún jinlẹ̀ ju pé kí a kàn túmọ̀ ìwé lọ. Lábẹ́ Faransé, èdè Faransé nìkan ni ìjọba fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn míṣọ́nnárì ti ń fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà. Títí di òní, a kò tilẹ̀ kọ Yorùbá bákan náà. Ní Nàìjíríà, à ń kọ ẹ, ọ, ṣ àti p. Ní Benin, ɛ, ɔ, sh àti kp ni wọ́n ń lò. Nítorí náà, ẹni tí yóò bá túmọ̀ Aṣíwájú sí Yorùbá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: Yorùbá ti ìhà wo? Ààlà tí òpìtàn fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ̀wé lé lórí ti wọ inú álífábẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ ńlá ni èyí fún ẹgbẹ́ wa àti fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ìdánwò

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ Yorùbá ni àwọn òbí ń bi léèrè pé kí ni ọmọ yóò fi Yorùbá ṣe. Olùkọ́ ìtàn náà ń gbọ́ irú rẹ̀. Ní sáà ẹ̀kọ́ 2009/2010, ìjọba àpapọ̀ yọ Ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ó dá dúró ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ọdún 2018 ni wọ́n tó pàṣẹ pé kí a dá a padà. Ní ọdún 2018 kan náà ni Ìpínlẹ̀ Èkó fọwọ́ sí òfin tí ó sọ kíkọ́ Yorùbá di dandan ní ilé-ẹ̀kọ́. Òfin ti wà. Ohun tí ó kù ni kí olùkọ́ fi àpẹẹrẹ hàn. Aṣíwájú jẹ́ ọ̀kan nínú irú àpẹẹrẹ bẹ́ẹ̀: Yorùbá tí ó gbọ́ ni ó jẹ́ kí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ́ níye lórí.

Ọmọ Kòsọ́fẹ́ ní àǹfààní níhìn-ín tí ó lè má mọ̀ pé òun ní. Ní ọjà Mile 12, níbi tí tòmátì, ata, àlùbọ́sà àti iṣu láti òkè ọya ti ń wọ Èkó, ọmọ tí ń bá ìyá rẹ̀ tajà a máa gbọ́ Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti Gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. A sábà máa ń kà á sí ariwo ọjà. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ kọ́ ọ pé irinṣẹ́ òpìtàn ni. Kí ó rán an lọ bi àwọn oníṣòwò àgbà léèrè nípa bí ọjà náà ti dé ibẹ̀, kí ó bi ti Haúsá ní Haúsá, kí ó bi ti Yorùbá ní Yorùbá, kí ó kọ ìdáhùn méjèèjì sílẹ̀, kí ó sì sọ ibi tí wọ́n ti bára mu àti ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Ìwádìí kékeré nìyí, ṣùgbọ́n ọ̀nà Aṣíwájú ni.

Ó ku ìbéèrè tí a dá dúró ní ìbẹ̀rẹ̀. Kí ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fi Kétu ti Èkó àti Kétu ti Benin ṣe? Ìdáhùn tí iṣẹ́ yìí kọ́ wa ni pé orúkọ jẹ́ ìbéèrè, kì í ṣe ẹ̀rí. Ó lè jẹ́ àwọn tí ó ṣí wá ni ó gbé e wá. Ó lè jẹ́ ìbáramu lásán. Ẹni tí yóò dá ẹjọ́ náà gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu àwọn onílẹ̀, kí ó wo ìwé ilẹ̀, kí ó fetí sí oríkì àti orin, kí ó sì bèèrè ohun tí olúkúlùkù yóò rí gbà bí ìtàn bá lọ síbi tí ó fẹ́. Ní ìlú tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti oyè ti lè dá ìjà sílẹ̀, bí Èkó, irú sùúrù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdánwò nìkan.

Ìparí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ohun tí ó gbé iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Aṣíwájú ga ni bí ó ti mú kí ìwé Faransé, ìwé Gẹ̀ẹ́sì àti orin Yorùbá jọ dúró níwájú ìdájọ́ kan náà, láìgbè sẹ́yìn ọ̀kankan. A sì ti sọ pé ìdájọ́ náà kò ì tí ì dé etí àwọn tí ẹjọ́ kàn ní èdè wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ parí iṣẹ́ yìí yóò ní láti gbọ́ Yorùbá dáadáa, kí ó lè kọ ọ́ ní ọ̀nà tí ará Kétu àti ará Ìmẹ̀kọ yóò fi lè kà á. Ó ṣeé ṣe kí ẹni náà wà nínú kíláàsì kan ní Ìkòsí tàbí ní Kétu lónìí, kí ó máa múra ìdánwò sílẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ni kí ó má jẹ́ kí ó rò pé Yorùbá ni èdè tí ó kéré jù nínú èyí tí òun gbọ́.